Kí Ni "Kú" Ń Ṣe Nínú "Ẹ Kú Iṣẹ́"?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan ti ń gbé inú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó bi mí lórí fóònù, láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ìyá ìyá rẹ̀ papò dà. Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí àwa Yorùbá fi ń fi ikú kí ara wa?" Mo dá a lóhùn kíá, nítorí pé ọdún 27 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, mo sì gbà pé kò sí ìbéèrè ọmọdé lórí èdè yìí tí ó lè ká mi láyà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni mo ti mọ̀ pé ìdáhùn mi kò tọ̀nà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì

Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Mo kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: "E ku ara fera ku o. Olorun a tu gbogbo wa ninu." Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n tí ó fi lè bá mi tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí a ṣe ń kà á, nítorí náà ó gbé ọ̀rọ̀ mi sínú ohun èlò ìtumọ̀ kan tí ó wà lórí fóònù rẹ̀. Ohun èlò náà sì sọ fún un pé mo ní kí wọ́n kú, kí ara wọn sì kú pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé n kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní alẹ́ àná kò ní ọkàn tí ó fi ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹkún ni ó fi pè mí. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ìtùnú ni mo rò pé mo fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn tí mo fún un ni pé àmì ohùn tí n kò fi sí i ni ó fa gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá wù ú lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó gbà, ó ní kí n má bínú, ó sì tún kí mi pé ẹ ṣeun. Mo gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn ẹni tí ó ti ṣe ojúṣe àgbà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó láti tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kọ bí ó ti yẹ, kí n lè fi èyí tí ó pé ránṣẹ́ sí i. Mo kọ "Ẹ," mo fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Mo kọ "kú," mo fi àmì òkè lé e lórí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró. Àmì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé kú ti ìkíni yìí, òun náà ni mo máa ń fi lé kú nínú "Màmá kú." Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàrin méjèèjì, ìbáà ṣe lójú ìwé, ìbáà ṣe létí. Kù tí ó gbẹ̀yìn gbólóhùn náà nìkan ni ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ ti fi gbogbo àmì sí i láti òwúrọ̀, ohun èlò yẹn ṣì lè pa "ẹ kú" pọ̀ mọ́ ikú. Èmi olùkọ́ ti fi irọ́ tu ọmọ tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo ń ronú bí ó ṣe jẹ́ pé ní gbogbo ọdún tí mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn. N kì í ṣe ẹni tí ó ń dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a bí sínú ìkíni kì í gbọ́ ikú nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ tí a bí sí òkèèrè, tí ó ń ti ẹ̀yìn odi wo ilé, ni ó rí ògiri tí àwa tí a wà nínú ilé fara tì.

Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀

Mo mú ìwé kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán kú méjèèjì wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kú ti ikú jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù: ó ti kú, ó ń kú lọ, kò kú, yóò kú, kí ó má kú. A lè yà á lò fún ohun tí kò ní ẹ̀mí, kí a ní iná kú tàbí kí a ní ọ̀bẹ kú. Ó lè dá dúró láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn náà yóò sì parí, yóò parí pátápátá.

Kú ti ìkíni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "ẹ ti kú iṣẹ́," kò sí ẹni tí í sọ pé "ẹ kò kú iṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè gbọ́ "ẹ máa kú iṣẹ́" lẹ́nu Yorùbá kankan. Kò mọ àná, kò mọ ọ̀la, a kò sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kò lè rìn lọ́wọ́ òfo. Ó gbọ́dọ̀ pọn nǹkan sẹ́yìn bí abiyamọ: iṣẹ́, ìnáwó, ìrọ́jú, ìdúró, òtútù, ewu ọmọ, orí ire. Nígbà mìíràn ohun tí ó pọ̀n náà yóò tilẹ̀ gbé e mì, tí "ẹ kú àbọ̀" yóò fi di "ẹ káàbọ̀," tí "ẹ kú àárọ̀" yóò fi di "ẹ káàárọ̀," tí fáwẹ̀lì rẹ̀ yóò sì pòórá láìṣẹ́ ku ohunkóhun ju kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo lọ. N kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù "ẹ káàbọ̀" ń bà.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, pàápàá nínú ilé ìjọsìn, pé kí a jáwọ́ nínú "ẹ kú" nítorí pé èpè ni. Àwọn mìíràn fẹ́ gbèjà rẹ̀, wọ́n sì ní ohun tí àwọn baba wa ń sọ ni pé kí iṣẹ́ náà má pa wá kú. N kò gba ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Àwọn àkọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ kúrò láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá ń bi í léèrè irú ẹni tí ó jẹ́. Àwọn kejì náà ti gbà pé ikú wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń wá ọ̀nà láti yọ ọ́ jáde ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, tí ìró wọn dọ́gba, bí ènìyàn méjì ṣe lè jẹ́ Adé ní àdúgbò kan náà láìjẹ́ ọmọ ìyá. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ọ̀rọ̀ tí a bá yọ kúrò nínú gbólóhùn rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ohun tí ohun èlò yẹn ṣe sí mi nìyẹn, òun náà sì ni àwọn oníwàásù yẹn ń ṣe.

Ẹnu tí ó bá pè é

Nígbà tí mo dé ibi yìí ni mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan ní Kano, nígbà tí mo ń sin ìlú. Ìyá onílé wa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé fún oúnjẹ, ó ń kígbe pé, "Ku zo! Ku zo ku ci abinci!" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, etí mi kò tíì mọ Hausa, igbe yẹn sì ká mi lára gidigidi. Ó gba ọjọ́ díẹ̀ kí ẹnìkan tó ṣàlàyé fún mi pé "ku" lédè wọn ni "ẹ" tàbí "ẹ̀yin" lédè wa. Ẹ wá, ẹ wá jẹun ni ìyá yẹn ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tí n kò fiyè sí nígbà náà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí báyìí, ni bí àwọn náà ṣe ń kíni. Bí wọ́n bá kan ẹni tí ń ṣiṣẹ́, wọn a ní "sannu da aiki." Bí ẹnìkan bá dé, wọn a ní "sannu da zuwa." Sannu yìí náà kì í sábà rìn lásán, ó ń gbé ohun tí ẹni náà ń ṣe tàbí ohun tí ó dé bá a dání, gẹ́gẹ́ bí kú tiwa ṣe ń ṣe. Bí àwọn tí à ń kí bá sì pọ̀, yóò di "sannunku da aiki," ku yóò sì wọ inú ìkíni lọ́hùn-ún náà! Ìró kan náà wà nínú ìkíni Kano àti ìkíni Abẹ́òkúta, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ikú kò sì sí nínú èyíkéyìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣòwò ní Ìmẹ̀kọ sọ irú rẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé Faransé ní Kétu, ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èyí àbúrò ń ka ìwé rẹ̀ sókè, ó sì ń tún ìró kan ṣoṣo pè: ku, ku, ku. Ìyá àgbà pàṣẹ pé kí ó pa ẹnu dé, pé a kì í pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ọmọ náà fi ìwé hàn án. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: cou tí í ṣe ọrùn, coup tí í ṣe lílù tàbí ìkọlù, àti coût tí í ṣe iye owó tí nǹkan ná ni. Faransé kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ń pè wọ́n ní ọ̀nà kan. Àwa kọ kú méjì ní ọ̀nà kan náà, a tún ń pè wọ́n bákan náà, síbẹ̀ ìyá àgbà tí ó bẹ̀rù ku tí ọmọ yẹn ń pè ni yóò dìde ní òwúrọ̀ tí yóò kí gbogbo àdúgbò pé ẹ kú àárọ̀.

Ní ìhà ibẹ̀ náà ni àwọn Fọn wà, tí "kú" jẹ́ ikú lédè tiwọn bí ó ti jẹ́ lédè tiwa, tí wọ́n sì ń pe Egúngún ní Kuvito. Bí àlejò bá sì dé ìlú wọn, "kuabo" ni wọn yóò fi kí i, ó sì ṣòro kí Yorùbá gbọ́ ọ láìrántí "ẹ kú àbọ̀."

Bí a bá jìnnà sílé, ọ̀rọ̀ náà ń fẹ̀ sí i ni. Ku jẹ́ màlúù lẹ́nu ará Jámánì, òṣùpá ni lẹ́nu ará Fínlándì. Lédè Swahili, ku ni ó máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá ń dárúkọ rẹ̀, tí kufa fi jẹ́ kíkú, tí kuishi sì jẹ́ wíwà láàyè. Ku kan náà ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Àwọn ará Ṣáínà, tí ohùn ṣe pàtàkì fún bí ó ti ṣe pàtàkì fún wa, lè pè é ní ohùn òkè kí ó jẹ́ ẹkún, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí ó jẹ́ ìkorò, kí wọ́n jẹ́ kí ó já wálẹ̀ láti òkè kí ó jẹ́ ṣòkòtò.

Èyí tí ó mú mi dúró jù ni ti Japan. Níbẹ̀, ku jẹ́ ẹẹ́sàn-án, ó tún jẹ́ ìyà. Nítorí èyí, àwọn ilé ìwòsàn kan kì í fi nọ́ńbà 9 sí ẹnu ọ̀nà yàrá aláìsàn, wọn kì í sì í fi 4 sí i, nítorí pé shi tí í ṣe ẹẹ́rin bá ikú dọ́gba ní ìró. Ìyẹn ni pé ìbẹ̀rù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ìwà ọmọdé. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ẹẹ́sàn-án kì í ṣe ìyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn kò fẹ́ kí ìró náà bá òun sùn. Etí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ máa ń yan ìtumọ̀ tí yóò dùn ún jù. Ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi nìyẹn, kì í ṣe orí àmì ohùn.

Orúkọ tí ìkíni sọ wọ́n

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú lórí òkun ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Bí ogun ṣe ń fọ́ ìlú lórí ilẹ̀ wa ni àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ níbẹ̀. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wà lára wọn. Ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun já a gbà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í pe ara wọn ní orúkọ kan náà nígbà náà. Ará Ọ̀yọ́ ni à ń pè ní Yorùbá. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, àwọn kan lára wọn sì ti bá ara wọn jagun rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pàdé ara wọn ní òpópónà Freetown, lẹ́yìn ohun tí ojú wọn rí nínú ọkọ̀, ohun kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu wọn: ẹ kú èyí, ẹ kú ìyẹn. Àwọn àjèjì tí ó yí wọn ká kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ "a kú, ẹ kú" láti òwúrọ̀ dé alẹ́, wọ́n sì sọ gbogbo wọn ní Aku. Nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn èdè Áfíríkà tí ó gbọ́ ní Freetown jáde ní 1854, abẹ́ orúkọ Aku ni ó kó Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Yàgbà àti àwọn yòókù sí.

Mo ti mọ ìtàn yìí tipẹ́, mo tilẹ̀ ti kọ́ ọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ inú ẹbí wa ni ó jẹ́ kí n rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí orúkọ Yorùbá tó kó gbogbo wa jọ, ìkíni ti kó wa jọ ná. Àwọn tí ikú rí, tí ó sì fi sílẹ̀, ni ayé ń fi kú dá mọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbọ́ ikú nínú rẹ̀. Títí di òní, Aku ni wọ́n ń pe àwọn kan lára àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ní Gáḿbíà, Oku sì ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí tí ó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wọn ní Freetown. Nínú èdè Krio tí gbogbo Sàró ń sọ, "kushɛ" ni ìkíni, ọmọ "kú iṣẹ́" tiwa sì ni. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kankan lára ń fi í kí aládùúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: nílé níbí náà, àwọn ará wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti àwọn yòókù, inú ìkíni wọn ni a ti mú orúkọ Òkun tí à ń pè wọ́n.

Ará fẹ́ra kù

Mo pe ọmọ náà padà nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì pé. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, nítorí pé kò retí pé àgbà yóò pè láti sọ irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti Kano fún un, mo sọ ti ọmọ tí ń ka ìwé Faransé, mo sì sọ ti àwọn ará Freetown, èyí tí ó gbọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ jù.

Mo wá mú un padà sórí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Mo ní kí ó fi kú àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ó wo kù tí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ ènìyàn kù, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a wá a, a wò yíká, a kò rí i. Ará fẹ́ra kù ni pé àwọn ará wá ara wọn, wọ́n sì rí i pé ẹnìkan dín. Kò sí "kí ara yín kú" níbẹ̀ rárá. Kú ti ìbẹ̀rẹ̀ kàn gbé wíwá tí a kò rí yẹn lọ́wọ́, ó sì ń sọ fún ọ pé mo mọ̀ pé òun ni o gbé dání lónìí.

Ó bi mí pé ṣé òun náà ni à ń lò fún ìgbéyàwó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: fún ìyàwó, fún ìsìnkú, fún òjò, fún oòrùn, fún ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó dúró. Òyìnbó ní láti wá ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ire kàn, kí ó tún wá òmíràn fún ẹni tí ibi kàn. Tiwa kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹrù ọwọ́ rẹ dùn tàbí ó korò. Ó ń kí ọ pẹ̀lú ẹrù náà. Ó ní Màmá àgbà máa ń kí òun báyẹn tí òun bá ti ilé ìwé dé, pé "kú òtútù" ni ó máa ń sọ kí ó tó gba báàgì lọ́wọ́ òun, pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀, èmi náà kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tún ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ nígbà tí iná lọ. Ó rí i lórí fóònù pé ojú mi ṣàdédé ṣókùnkùn. Mo sọ fún un pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n mú iná lọ ni, mo ń wá àtùpà. Ó dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń to nǹkan pọ̀ nínú orí rẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ kú òkùnkùn o."

Kò sí ẹni tí ó fi í kí mi rí. Mo dá a lóhùn pé, "O ṣé, ọmọ mi," mo sì ń táràrà kiri nínú òkùnkùn náà títí tí ọwọ́ mi fi ba ìṣáná.